Ọ̀sẹ̀ Ìgbà Ìwọ́wé ní Kíláàsì Àwọn Ọmọ Ọdún Méje: Ewé, Ápù àti Elégédé

Ní àgbègbè Chicago àti káàkiri ìpínlẹ̀ Illinois, ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta nínú oṣù kẹwàá ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ṣáájú ìgbà yẹn, igi ṣì tutù yọ̀yọ̀. Bó bá sì fi pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewé á ti rẹ̀ tán, ariwo Halloween, àjọ̀dún iwin tí wọ́n ń ṣe ní ìparí oṣù náà, á sì ti gba ọkàn àwọn ọmọ débi pé wọn ò ní gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ. Kíláàsì tí a ní lọ́kàn ni èyí tí wọ́n ń pè ní second grade ní Amẹ́ríkà: ọmọ 24, tíṣà kan, àgbàlagbà kan tó ń ràn án lọ́wọ́. Òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé lè dín ohun gbogbo kù sí ìdá kan nínú mẹ́fà.

Kì í sábà jẹ́ àìsí ohun èlò ló ń ba irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ ni. Tíṣà á fi ohun tó ń pẹ́ sí ọjọ́ Ẹtì, á fi èyí tó yá sí ọjọ́ Ajé, gbogbo rẹ̀ á wá dì pọ̀ lójú kan. Ewé tí a fẹ́ tẹ̀ kó gbẹ ń gba ọjọ́ mẹ́rin ó kéré tán. Elégédé tí a fẹ́ wò bó ṣe ń jẹrà ń gba ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bí ojúmọ́ ṣe ń kúrú kò ṣeé rí lọ́jọ́ kan. Ohun tó ń pẹ́ jiná ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kaná.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú

Ẹ kọ lẹ́tà sílé. Ẹ béèrè ohun tí ara ọmọ kọ̀ọ̀kan kò gbà, torí wọ́n máa jẹ ápù, wọ́n sì máa jẹ kóró elégédé. Ẹ sọ pé kí wọ́n fi aṣọ tí kò ṣe nǹkan bó bá dọ̀tí wọ̀ wọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ni, pé ẹnikẹ́ni ò ní gbẹ́ ojú iwin sára elégédé. Ìlà kan ṣoṣo yìí wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò fẹ́ kí ọmọ wọn bá wọn ṣe Halloween, tìtorí ẹ̀sìn, àwọn ìdílé Yorùbá kò sì gbẹ́yìn nínú wọn. Bí wọn ò bá mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, wọ́n á kàn fi ọmọ sílé lọ́jọ́ náà ni.

Ohun tí ẹ máa rà nìyí:

- elégédé kékeré 5, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe páì, kílò 2 sí 3 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ńlá tí wọ́n ń gbẹ́ ojú sí lára wúwo fún ọmọ, omi rẹ̀ pọ̀, kò sì dùn;
- ápù 12: Granny Smith 4, Gala 4, Red Delicious 4;
- spírítì tí wọ́n fi ń nu ojú abẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n kọ 91% sí lára, ìgò kan tàbí méjì;
- pépà funfun tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí, páàkì kan;
- ife onígíláàsì kékeré 7, fọ́ìlì, lẹ́mọ́ọ̀nù 2, iyọ̀, òwú ìhunṣọ kan;
- ìwé ìròyìn àtijọ́, kí ó pọ̀ dáadáa.

Ọjọ́ Ajé: ẹ jáde, kí ẹ sì gbé àwọn nǹkan tó ń pẹ́ kalẹ̀

Láàárọ̀, bí ìrì bá ti gbẹ, ẹ kó wọn jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àpò pépà, kì í ṣe ọ̀rá, torí ewé máa ń làágùn nínú ọ̀rá, á sì rọ̀. Ewé márùn-ún péré ni kí olúkúlùkù mú bọ̀: méjì tó ṣì tutù, méjì tó ti pa àwọ̀ dà, ọ̀kan tó ti gbẹ. Bí ẹ ò bá fi iye sí i, ẹnì kan á kó àpò kún, ẹlòmíì á mú ọ̀pá igi bọ̀.

Kí ẹ tó jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kan nǹkan, ẹ fi àwòrán poison ivy, ewéko kan tó ń yún ni lára, hàn wọ́n. Ewé mẹ́ta-mẹ́ta ló máa ń so sórí ọ̀pá ewé kan, èyí tó wà láàrin á ní ọ̀pá tirẹ̀ tó gùn ju ti àwọn méjì ẹ̀gbẹ́. Ìgbà ìwọ́wé gan-an ló ń ṣini lọ́nà, torí á pọ́n, á rẹwà, ọmọ á sì fẹ́ já a. Oje rẹ̀ ń mú kí ara léròrò, kó sì máa yún ni fún ọ̀sẹ̀. Òfin tó yá sọ ni pé ilẹ̀ ni ká ti ṣa ewé, a kì í já a lára ohun tó ń fà mọ́gi. Àgbàlagbà ni kó já ewé tútù.

Bí ẹ bá padà dé, kí wọ́n da ewé sílẹ̀, kí wọ́n tò ó. Ẹ má sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà tò ó fún wọn. Àwọn kan á tò ó ní àwọ̀, àwọn kan ní títóbi, ẹnì kan á sì rí i pé etí ewé kan rí ṣóńṣó bí eyín ayùn, tòmíràn sì yí kiribiti. Ẹni yẹn ni kí ẹ ní kó ṣàlàyé fún àwọn tó kù.

Lẹ́yìn náà, kí kálukú mú ewé méjì tó wù ú jù, kó tò wọ́n sáàrin ìwé ìròyìn láìjẹ́ kí wọ́n gun ara wọn, kí ẹ wá gbé ìwé tó wúwo lé e. Ẹ pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà lọ́jọ́ kejì. Ìdí tí ewé tí wọ́n tẹ̀ fi máa ń bu nìyí: omi tó jáde lára rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ń bẹ nínú pépà, kò rí ibi lọ.

Elégédé kìíní náà, òní ni kí ẹ gé e. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ bí ìka méjì, kí ẹ fi sínú ọ̀rá mẹ́ta tó ṣeé tì lẹ́nu. Èkíní gbẹ, ẹ kàn nù ún. Èkejì, ẹ fi erùpẹ̀ inú ọgbà síbí méjì àti omi síbí kan sí i. Ẹ̀kẹta, ẹ gbé e sínú fíríìjì àwọn tíṣà, kí ẹ kọ nǹkan sí i lára kí wọ́n má baà dà á nù. Ẹ ti ẹnu ọ̀rá, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́, ẹ tún fi ọ̀rá kejì wọ̀ ọ́. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i mọ́. Ohun funfun tó máa hù lára rẹ̀ ń tú lẹ́bútú, kò dáa fún ọmọ tó ní ikọ́ fée (asthma). Bí ọ̀rá bá wú, kí àgbàlagbà gbé e sọnù níta bó ṣe wà.

Èyí tó kù ò gba àkókò: ẹ wo aago tí oòrùn máa wọ̀ lónìí lórí fóònù, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́. Láàrin oṣù kẹwàá, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí díẹ̀ sí i ni oòrùn ń wọ̀ ní Chicago, kó tó sì di ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́ nìkan á ti fi bí ìṣẹ́jú mẹ́fà kúrú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: àwọ̀ tó fara pamọ́ sínú ewé tútù

Èyí ni iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀ náà, òun náà ló sì máa ń bàjẹ́ jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kùtù, torí ó ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dídúró ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí, bí a ṣe lè sọ ọ́ fún ọmọ ọdún méje. Ewé ni ilé ìdáná igi. Chlorophyll, èyí tó ń mú kí ewé tutù, ni igi fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti se oúnjẹ. Ó ń tètè bàjẹ́, igi sì ń ṣe tuntun lójoojúmọ́. Nígbà tí ojúmọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú tí òtútù sì ń wọlé, igi á dẹ́kun ṣíṣe é. Bó ṣe ń tán lọ, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ọsàn tó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀ á wá yọjú. Àwọ̀ pupa yàtọ̀ ní tirẹ̀: àwọn igi bíi maple ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é ni, láti inú ṣúgà tó há sínú ewé, pàápàá bí ọ̀sán bá ní oòrùn tí òru sì tutù láìdi yìnyín. Ìdí nìyẹn tí pupa ọdún kan fi ń dán ju ti ọdún míì lọ. Níkẹyìn, igi á dí ojú ibi tí ewé ti so mọ́ ọn, ewé á sì rẹ̀.

Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́fà, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin. Ewé tútù ni kí ẹ lò, tí ẹ já lára igi tí àwọn ewé rẹ̀ yòókù ti ń pa àwọ̀ dà. Bí ẹ bá lo ewé tó ti yeyè, ìyeyè á jáde, kò sì sí ohun ìyanu níbẹ̀. Ewé gbígbẹ kò ní mú nǹkan kan jáde.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á fa ewé mẹ́jọ sí mẹ́wàá ya wẹ́wẹ́, kó má ju èékánná lọ, wọ́n á dà á sínú ife gíláàsì. Àgbàlagbà ni kó da spírítì sí i, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí iná má sí nítòsí. Kí spírítì bo ewé tán, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n fi ìdí síbí gún un fún ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n fi fọ́ìlì bò ó, kí ẹ wá gbé ife náà sínú àwo fẹ̀ǹfẹ̀ tí omi gbígbóná láti ẹnu ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀. Omi ẹ̀rọ tó. A kì í gbé spírítì sórí iná láéláé. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ máa mì í díẹ̀díẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí ẹ sì pààrọ̀ omi bó bá ti tutù. Spírítì náà gbọ́dọ̀ di aláwọ̀ ewé tó ki. Bó bá ṣì fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi ewúro ìfọ̀kejì, ẹ fi kún àkókò rẹ̀.

Ẹ gé pépà kọfí ní gbọọrọ, fífẹ̀ rẹ̀ bí ìka méjì. Ẹ fi téèpù lẹ orí rẹ̀ mọ́ pẹ́ńsù, kí ẹ gbé pẹ́ńsù dábùú ẹnu ife, kí ìdí pépà kan omi náà ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan péré. Spírítì á máa gun pépà lọ, á sì máa ru àwọ̀ dání. Láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan àtààbọ̀, àwọ̀ ewé á dúró nísàlẹ̀, ìlà ìyeyè á sì yọ lókè rẹ̀.

Bí nǹkan kan kò bá hàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta yìí ló fà á. Spírítì pọ̀ ju ewé lọ, àwọ̀ sì ti là jù. Tàbí pépà rì wọ inú omi, tó jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ tutù lẹ́ẹ̀kan náà dípò kó máa gùn ún. Tàbí 70% ni wọ́n rà: omi inú rẹ̀ pọ̀, ìlà kì í sì í yà kedere. Ẹ tọ́jú ife keje tí ẹ ti ṣe ní àárọ̀ kí àwọn ọmọ tó dé. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ọmọ tí tirẹ̀ bàjẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tó wá wò.

Nígbà tí wọ́n bá ń dúró, kí wọ́n fi kréyọ́nù ya ojú ewé. Ẹ dojú ewé délẹ̀ kí iṣan rẹ̀ wà lókè, ẹ tẹ́ pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, ẹ bọ́ pépà ara kréyọ́nù, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rá a, kì í ṣe ṣóńṣó orí rẹ̀. Ewé tútù ni kí ẹ lò níbí náà, gbígbẹ á fọ́ wẹ́wẹ́.

Bí ọmọ tó ti Nàìjíríà dé bá wà ní kíláàsì, tàbí tí ìyá ọmọ kan bá ń béèrè pé kí ló dé tí irú èyí kò sí ní Ìbàdàn, èsì rẹ̀ wà lára ògiri níbi tí ẹ ń kọ àkókò oòrùn sí. Ní Èkó, ojúmọ́ tó gùn jù lọ́dún kò fi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ. Ní Chicago, ó ju wákàtí mẹ́fà lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ló ń gbọn ewé nílé, òùngbẹ ló ń lé e, kì í ṣe òkùnkùn. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti rí ewé igi fúrúùtù tó pọ́n bẹ́lẹ́jẹ́ kó tó rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti rí ohun tó jọ ọ́.

Ọjọ́rú: ápù

Ẹ pín iṣẹ́ náà sí méjì: ti ẹnu àti ti ojú.

Ti ẹnu kọ́kọ́. Gé ápù mẹ́ta nínú irú kọ̀ọ̀kan sí mẹ́jọ-mẹ́jọ, á jẹ́ ẹyọ 24 géérégé. Kí wọ́n tọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, kí olúkúlùkù wá lẹ pépà kékeré kan sára ògiri lókè orúkọ èyí tó fẹ́ràn jù, kí pépà máa gun ara wọn bí ilé alájà. Gbogbo pépà gbọ́dọ̀ tóbi bákan náà, kí ìdí wọn sì bẹ̀rẹ̀ lójú ìlà kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àtẹ náà á parọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè pé mélòó ni èyí tó pọ̀ jù fi ju èyí tó kéré jù lọ. Ìbéèrè yẹn ni ìṣirò. Kíkà á lásán kọ́.

Ẹ tún fi ọ̀bẹ gé ápù kan ní ìbú, kì í ṣe ní òòró. Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún á yọ láàrin rẹ̀, níbi tí kóró wà.

Ti ojú ni kí ápù pa àwọ̀ dà. Láti ara ápù kan ṣoṣo, ẹ gé ẹyọ mẹ́rin tó dọ́gba. Bí ẹ bá mú wọn láti ara ápù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá omi ló ṣe é tàbí irú ápù náà. Red Delicious dára fún èyí torí ó ń tètè pa àwọ̀ dà. Ọ̀kan wà lásán. Ọ̀kan, ẹ rì í bọ omi. Ọ̀kan, omi iyọ̀: ìdajì síbí tíì nínú ife omi kan. Ọ̀kan, omi lẹ́mọ́ọ̀nù. Ìṣẹ́jú márùn-ún nínú omi, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ tò ó sórí pépà tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀. Ẹ wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, 30 àti 60, kí àwọn ọmọ kun àwọ̀ tí wọ́n rí sínú ìwé wọn.

Ohun kan wà nínú ara ápù tó ń ṣiṣẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Lẹ́mọ́ọ̀nù máa ń kan, kíkan rẹ̀ yẹn ló sì ń dí i lọ́wọ́. Iṣu tí wọ́n bẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jù ú sínú omi kí wọ́n tó gbé e kaná.

Ọjọ́bọ̀: elégédé

Elégédé mẹ́rin, ọmọ mẹ́fà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó gé e, ẹ ṣe ohun mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fojú wọn elégédé náà, kó gé òwú tó rò pé ó máa yí i ká. Àwọn ọmọ máa ń gé e gùn jù. Lẹ́yìn náà ni kí ó fi yí i, kó lẹ òwú rẹ̀ sábẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ mẹ́ta: ó kúrú, ó gùn, ó ṣe rẹ́gí. Kí wọ́n wá fi rúlà wọn òwú tó ṣe rẹ́gí. Ìkejì, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ìkẹta, ẹ béèrè bóyá ó máa rì, kí ẹ tó gbé e sínú báfù omi. Wíwúwo rẹ̀ ń tan ọmọ jẹ, gbogbo wọn á ní yóò rì. Á léfòó, torí inú rẹ̀ ṣófo.

Àgbàlagbà ló ń gé e. Ayùn kékeré tí wọ́n ń tà fún elégédé sàn ju ọ̀bẹ ìdáná lọ, torí ọ̀bẹ ń há sínú ẹran rẹ̀, ó sì ń yọ̀ lójijì nígbà tí a bá fà á. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn, kí ẹ fún wọn ní síbí ńlá. Ọmọ tó bá kórìíra kí nǹkan yọ̀ mọ́ òun lọ́wọ́ ni kó jẹ́ akọ̀wé. Kí wọ́n da kóró sínú abọ́ omi: kóró á léfòó, okùn inú rẹ̀ á ṣeé fà kúrò.

Kí wọ́n tó kà á, kí kálukú kọ iye tó rò pé ó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè pé ṣé èyí tó tóbi jù ló máa ní kóró jù. Kò fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ ká kà á. Kíkà á lọ́kọ̀ọ̀kan ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: ọmọ á dé 63, ẹnì kan á pè é, ó di dandan kó tún bẹ̀rẹ̀. Kóró mẹ́wàá nínú ife pépà kan, ife mẹ́wàá nínú abọ́ kan: ẹni tí wọ́n dá dúró á bá iṣẹ́ rẹ̀ níbi tó fi í sí.

Ní ilé ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní Houston tàbí London, ẹ má fi mẹ́wàá kà á. Ogún-ogún ni kí ẹ kó o jọ, torí bí iye wa ṣe rí nìyẹn. Òkìtì méjì di ogójì, mẹ́ta di ọgọ́ta, mẹ́wàá di igba, ogún di irinwó. Ọmọ tí kò lóye ìdí tí àádọ́ta fi jẹ́ 50 á rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀: òkìtì mẹ́ta, yọ mẹ́wàá kúrò. Ká ní kóró jẹ́ 437, òkìtì 21 ni, ó sì ku 17. Ogún nínú òkìtì yẹn ni irinwó. Òkìtì kan àti 17 tó kù nílò kóró mẹ́ta kó tó pé ogójì, mẹ́tàdínlógójì nìyẹn. Irinwó ó lé mẹ́tàdínlógójì. A ò mọ ọ̀nà míì tó yára ju èyí lọ láti fi kọ́ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ní oǹkà Yorùbá.

Nípa sísun kóró: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo ìyan-nǹkan kó gbẹ mọ́jú, kì í ṣe sórí tíṣù, torí yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Òróró síbí kan, iyọ̀ díẹ̀, ààrò 300 Fahrenheit, èyíinì ni 150 Celsius, ìṣẹ́jú 25 sí 30, kí ẹ máa rò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Iná tó ju bẹ́ẹ̀ lọ á jó èèpo rẹ̀ kí inú rẹ̀ tó gbẹ. Ọmọ tí wọ́n ń se ẹ̀gúsí nílé rẹ̀ á sọ pé òun mọ kóró yìí. Kò jìnnà sí òótọ́: ìdílé kan náà ni ẹ̀gúsí àti elégédé.

Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ má fi iṣẹ́ tuntun sí i. Ẹ yọ ewé tí ẹ tẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí pẹ̀lú orúkọ igi rẹ̀ àti gbólóhùn mẹ́ta: ohun tí mo rò, ohun tí mo rí, ohun tí mo ṣì fẹ́ mọ̀. Ewé tó bá ṣẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ti gbẹ. Èyí tó bá ká kò tíì gbẹ, ẹ dá a padà. Kí wọ́n jẹ kóró tí ẹ sun, àwọn tí ara wọn gbà á. Kí wọ́n fi rúlà so àmì àkókò oòrùn márààrún pọ̀ lára ògiri, wọ́n á rí i pé ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ṣeé ṣe kí èyí tí ẹ fi erùpẹ̀ sí ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kí inú fíríìjì má tíì yí padà rárá. Ẹ kọ déètì sára wọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ títí di Thanksgiving, àjọ̀dún ìdúpẹ́ Amẹ́ríkà, ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù kọkànlá, kí ọmọ kan máa ya àwòrán wọn ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Elégédé tí ẹ gé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ á yọ omi mọ́jú ọjọ́ Ajé tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní kíláàsì, nítorí náà, ẹ kó o lọ síbi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí ọgbà jọ sí kí ẹ tó ti ìlẹ̀kùn.